Ẹ fi omi dán lébẹ́ẹ̀lì wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọṣẹ olómi àti òróró tà l'Óṣogbo, kẹ́ ẹ tó sanwó lébẹ́ẹ̀lì oníke, ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ fi ìka tì í wọ inú ife omi kí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀. Tó bá léfòó, PP tàbí PE ni, ìyẹn irú ike méjì tó fúyẹ́ ju omi lọ, òun ló dáa fún ìgò PET (ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi mímu). Tó bá rì, ó lè jẹ́ PVC, irú ike mìíràn tó wúwo ju omi lọ; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Níbi tí wọ́n ti ń tún ike lò, wọ́n máa ń rún ìgò wẹ́wẹ́ sínú omi ni: PET á rì, lébẹ́ẹ̀lì tó fúyẹ́ á léfòó, wọ́n á gbọ́n ọn dànù. PVC á bá PET rì, tí wọ́n bá sì yọ́ wọn pọ̀, ásíìdì tó ń jáde lára PVC á ba PET jẹ́. PP tún lálòpẹ́: omi ọṣẹ kì í jẹ́ kó wú, kó máa ṣí létí bíi ti bébà. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì HDPE (ike líle tó jẹ́ ẹ̀yà PE) yàtọ̀ o. Òun náà máa ń léfòó, omi ò lè yà á kúrò lára PP, torí náà ẹ bi atẹ̀wé yín dáadáa, PE ni kẹ́ ẹ gbà fún un.