Bẹ́líìtì tó já nídìí ọlọ ṣokoléètì mi

₦18,000 ni mo san lórí bẹ́líìtì rọ́bà tín-ín-rín kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi dúró dè é láti Èkó. Inú ṣì ń bí mi, torí kò yẹ kí ti àkọ́kọ́ já rárá.

Ọlọ oníná tí wọ́n fi ń lọ kòkó di ṣokoléètì ni mo rà. Òkúta ni ìdí rẹ̀, òkúta ni ọmọ ọlọ méjèèjì tó jókòó lé e. Irú èyí tí àwọn ará Íńdíà fi ń lọ ìrẹsì àti ẹ̀wà fún dosa, oúnjẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dín. Mo yan kòkó Ìdànrè, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, mo ń dà á sínú ọlọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti yan ẹ̀pà rí mọ ìyẹn.

Ó yẹ kó lọ̀ fún ọjọ́ kan àtààbọ̀, kí ṣúgà má baà rí bí iyanrìn lẹ́nu. Mo ń sùn lọ́wọ́ ní òru nígbà tí iná ọba lọ. Ọ̀rá kòkó kì í yọ́ dáadáa tí kò bá gbóná tó nǹkan bíi 34°C, ìgbà ọyẹ́ la sì wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kílò méjì ṣokoléètì ti dì gbagidi mọ́ ọmọ ọlọ bíi sìmẹ́ǹtì. N kò pa súìṣì. Bí iná ṣe dé báyìí, ẹ̀rọ ń kùn, òkúta ò mira, òórùn rọ́bà tó ń jó gba ilé kan. Bẹ́líìtì já.

Ìyá Ìbejì lójúlé kejì ní, “Gbé e lé omi gbígbóná, ọmọ mi.” Mo ní, “Ẹ ṣé, mà,” ṣùgbọ́n n kò ṣe é, inú mi sì dùn pé n kò ṣe é. Bí omi díẹ̀ bá kán sí ṣokoléètì, yóò ṣù jọ bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ ò tó. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun ni mo fẹ́ sí i fún wákàtí méjì àbọ̀, títí òkúta fi tú. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo rà lọ́jà láti fi rọ́pò èyí tó já ń yọ̀ ṣáá ni. Ẹni tó ta ọlọ fún mi ò sọ fún mi rí pé bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń já. Ìgbà tí mo pè é, ó ní kí n kọ́kọ́ sanwó ná.

Nígbà tí bẹ́líìtì tuntun dé, mo yọ́ ṣokoléètì náà, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná. Màmá mi lá ṣíbí náà mọ́ tónítóní, wọ́n tún na ọwọ́ sí mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọlọ yìí, kó ra bẹ́líìtì méjì lọ́jọ́ kan náà. Tí iná bá lọ, pa súìṣì lójú ẹsẹ̀, má sì tàn án padà àfi tí o bá ti fi ọwọ́ yí òkúta wò. Èmi kì í sùn mọ́ tí ó bá ń lọ̀.