Idì pupa ni mo kọ, n kò kọ ìdí pupa

₦15,000 ni wọ́n ní kí n san fún bánà máàpù kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri kíláàsì mi ní Kàbà, ṣùgbọ́n kí n tó rí i kọ́, ₦30,000 ti jáde lápò mi, kì í sì í ṣe ilé-ìwé ló bá mi san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ohun tó fà á kò ju àwọn àmì kéékèèké orí lẹ́tà àti abẹ́ lẹ́tà lọ.

Yíyà á gan-an kò ni mí lára. Mo ya Ìpínlẹ̀ Kogí sáàárín, mo to ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án àti Àbújá yí i ká, mo sì kọ òkúta irin sí Itakpe, òkúta ẹfun sí Ọbajana, èédú sí Okaba, àti wúrà sí agbègbè Ìsánlú, kí àwọn ọmọ Okun, àwa Yorùbá Kogí, má baà rò pé ilẹ̀ tiwa ṣófo. Ibi tí orí mi ti wú jù ni ẹ̀gbẹ́ máàpù náà, níbi tí mo ya àmì orílẹ̀-èdè wa sí: apata dúdú, ẹṣin funfun méjì tó dì í mú, àti ẹyẹ idì pupa tó bà lé e lórí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ìlà funfun olóríta tó wà lára apata yẹn ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè, tí wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja tiwa níhìn-ín.

Nígbà tí mo tú bánà náà ní ilé ìtẹ̀wé, gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ, ọ àti ṣ wà ti di àpótí òfìfo. Odò Ọya di «Odò □ya», ẹṣin sì di «□□in». Ọmọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ kàn wò mí lójú, ó ní, «Tíṣà, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ni kò gbọ́ Yorùbá.» Ó ní òun yóò tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀: lónìí, iná kò sí, lọ́la, ọ̀gá kò sí nílé, lọ́túnla, wọ́n ní owó tuntun ni ẹ̀dà tuntun. Mo san án, nítorí ọjọ́ tí àwọn òbí yóò wá wo kíláàsì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àtúnṣe tí ó wá ṣe ni pé ó yọ gbogbo àmì kúrò pátápátá! Mo gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan dìde láti kà á, ó dé orí «idi pupa», ó sì pè é bí ìdí tí a fi ń jókòó. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, ṣùgbọ́n èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo ra ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré, mo gun àga, mo sì fi ìrọ̀lẹ́ méjì fọwọ́ kọ àwọn àmì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lórí idì ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀dà sí jù.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di àwòrán kí n tó gbé e lọ, nítorí fọ́ǹtì (irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) tí kò ní lẹ́tà wa kò lè ba àwòrán jẹ́. Ǹ bá sì ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ «ẹṣin» sórí bébà pélébé fún mi kí n tó san àsansílẹ̀ rárá.

Bánà àkọ́kọ́ wà nílé. Òun ni ìyàwó mi ń sá èlùbọ́ sí, apá Lọ́kọ́ja ló sì kọ́kọ́ ṣá.