Ẹ má tíì ki IC yẹn bọ programmer: àṣìṣe tó ń ba prógúráàmù ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ́

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Lágeré n'Ífẹ̀, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láàbù OAU, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láàbù tí wọ́n ṣe láàárín 1980 sí 1990, inú IC (chip) kan tó ní fèrèsé gíláàsì lórí ni prógúráàmù wọn wà, EPROM nìyẹn, Intel ló gbé e jáde ní 1971. Programmer ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tó wà nínú ẹ̀, tí wọ́n sì fi ń kọ nǹkan sínú ẹ̀. Tí ohun tó wà nínú ẹ̀ bá lọ, ẹ̀rọ yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ bó ti wù kí pátì tó kù dáa tó, ó sì lè máà síbi tẹ́ ẹ ti máa rí kọ́pì míì. Lójú tèmi, ìkánjú ló ń jẹ́ ká pàdánù ẹ̀ jù.

Ẹ má kàn ya láìbẹ́ẹ̀lì tó bo fèrèsé yẹn dànù. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ni wọ́n fi ń pa EPROM rẹ́, ó sì wà nínú oòrùn, IC tí ojú ẹ̀ ṣí tó wà nínú oòrùn gangan fún bí ọ̀sẹ̀ kan lè pa rẹ́, ẹ sì mọ bí oòrùn Ifẹ̀ ṣe ń mú lóṣù kejì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò láìbẹ́ẹ̀lì yẹn torí version àti checksum (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáìlì pé) máa ń wà lórí ẹ̀ nígbà míì, kẹ́ ẹ wá bò ó padà kíá. Ẹ kọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹ̀rọ 16-bit sábà máa ń pín prógúráàmù sórí IC méjì.

Programmer àtijọ́ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ìdí tá a ṣì fi nílò ẹ̀ ni pé irú EPROM àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 2716 fẹ́ 25 fóltì kó tó gba ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ sínú ẹ̀, TL866II, programmer òde òní tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rà, ò lè gbé e débẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ti wà nínú páálí láti ọjọ́ pípẹ́, kàpásítọ̀ ẹ̀ lè ti gbẹ, ẹ má sì fi IC kankan síbẹ̀ láìtíì fi mítà wọn fóltéèjì sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣófo. Ẹ wo lẹ́tà orí IC dáadáa o: 2732 ń gba 25 fóltì, 2732A 21 fóltì, 2764A 12.5, lẹ́tà A kan ṣoṣo yẹn ló máa sọ bóyá IC máa jóná. TMS2716 ti Texas Instruments tún yàtọ̀ sí 2716 ti Intel, fóltéèjì mẹ́ta lòun ń lò. Ẹ pa ìbéèrè tí programmer fi ń dá IC mọ̀ fúnra ẹ̀, ó ń fi bíi 12 fóltì sórí pínnì (ẹsẹ̀ IC) tí wọ́n ń pè ní A9, àwọn IC tó ti pẹ́ gan-an ò mọ irú ẹ̀. Iná tún lè lọ nígbàkigbà níbí, tẹ́ ẹ bá ń kọ sórí IC tuntun, ẹ gbé e sórí ìnfátà.

Kíkà lẹ́ẹ̀kan ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ máa yọ IC kẹ́ ẹ sì tún fi sí i láàárín wọn, kẹ́ ẹ fi fáìlì wéra. Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ FF, bí IC tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ṣe máa ń rí, ẹ má tíì sọ pé ó ṣófo, pínnì lè ti dọ̀tí, tàbí kẹ́ ẹ ti mú irú IC tí kì í ṣe tiẹ̀ nínú mẹ́nù, ẹ fi spirit nu ẹsẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un kà. Tí fáìlì bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ ti ń rẹ̀, ẹ dín fóltéèjì kíkà kù díẹ̀ kó má tó 5 fóltì, tí programmer yín bá gbà bẹ́ẹ̀, ó máa ń gbà wá là.

Fáìlì tẹ́ ẹ bá ti rí, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti checksum sí i, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi mẹ́ta, láptọ́ọ̀pù kan ò tó. Kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sórí IC míì, kẹ́ ẹ fi èyí dán ẹ̀rọ wò. Kódà tó bá ṣiṣẹ́, ẹ má pa IC ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ torí pé kò sí òfìfo lọ́wọ́ yín.