Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ọjọ́ Orí Ilé ní Sùúrùlérè Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ má bi ajẹ́ńtì. Lẹ́nu ajẹ́ńtì, kò sí ilé tó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Bíríkìlà ni mí, Sùúrùlérè ni wọ́n sì bí mi sí, nínú ilé tí LEDB (Lagos Executive Development Board) kọ́. Ìgbìmọ̀ yìí ni ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 nítorí àrùn eku tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó. Nígbà tó di 1955, wọ́n ní àwọn máa wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ìdílé bàbá mi wá sí ibi tí à ń pè ní New Lagos. Màmá àgbà tó ń ta aṣọ l'Érékò kò rí oníbàárà mọ́. Títí wọ́n fi kú, bí wọ́n bá ń kọjá sí òdìkejì afárá, "mò ń lọ sí Èkó" ni wọ́n máa ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ dúró ní òdìkejì títì. Ẹ má wo ọ̀dà. Bí ilé ilẹ̀ bá fara kanra ní ìlà gbọọrọ, tí ẹnu ọ̀nà wọn sì jọra, iṣẹ́ LEDB nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ọ̀kan lórí, ẹ wo ibi tí ògiri àtijọ́ ti pàdé tuntun. Bó bá ti là níbẹ̀, ẹ má wọlé. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ilé ilẹ̀ kò mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀.

Ẹ yí lọ sẹ́yìnkùlé. Lánlọ́ọ̀dù a máa pààrọ̀ fèrèsé iwájú, kì í rántí ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lúfà àtijọ́ tó wà níbẹ̀, fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ló máa sọ òótọ́. Ẹ ka iye mítà iná pẹ̀lú: mo ti rí ilé ilẹ̀ kan tó ní mítà mẹ́jọ, torí bọ́ìsì kọ́tà ti di fúláàtì, gáréèjì náà ti di fúláàtì. Bí òrùlé bá jẹ́ asbestos, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹ tàbí fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ilẹ̀ pálọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe, orí ti àtijọ́ ni wọ́n ń da ọ̀dà sí; títì á ga, ilé á wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àtẹ̀gùn méjì la máa ń gùn wọlé wa. Ní báyìí, ńṣe là ń sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá tó ń tà níwájú ilé, kí ẹ sì bi wọ́n níbi tí omi dé ní oṣù kẹfà. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan orúnkún, ẹ sanwó ẹ̀wà yín, kí ẹ máa lọ.