Bí Orúkọ Àdúgbò Wa Ṣe Wọ Ìwé Káńsù

Ìwé owó iná mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Tèmi ni ọ̀kan, ti Bàbá Àgbà tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé wa ni èkejì, ti ìyá ẹlẹ́kọ tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wa ni ẹ̀kẹta. Ojú ọ̀nà kan náà ni ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí. Síbẹ̀, "Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì" ni wọ́n kọ sí tèmi, wọ́n kọ "Idi Ope" sí ti Bàbá láìfi àmì kankan sí i, wọ́n wá kọ "Lẹ́bàá Títì" sí ti ìyá ẹlẹ́kọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí Bàbá Àgbà láti Ìbàdàn. Ọlọ́kadà tó gbé e wá yí àdúgbò po fún wákàtí méjì, kò rí ilé, ó bá gbé oògùn padà sí gáréèjì. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ká mi lára gan-an. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, nítorí náà nígbà tí a ṣe ìpàdé ìparí oṣù, mo dìde mo ní kí a lọ gba orúkọ òpópónà wa sílẹ̀ ní káńsù.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ káńsù ni. Àwọn kan rò pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, àwọn kan ní ẹni tó bá ti lówó láti ri pátákó mọ́lẹ̀ ló ni orúkọ. Mo wá ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 rí, mo da ojú ìwé kan kọ nínú Àfikún Kẹrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì kà á fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú àti ìgbéyàwó, títí kan ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Ibẹ̀ náà ló wà pé àwọn ló ń sọ òpópónà lórúkọ, àwọn ló sì ń fún ilé ní nọ́ńbà. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, àti 33 tó wà ní Ọ̀yọ́ tiwa, iṣẹ́ yìí kan náà ló wà lọ́rùn wọn.

Ẹnìkan ní káńsù ò lówó, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Mo sọ fún un pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tààrà. Àti pé bí owó wà bí kò sí, orúkọ kò ní kí wọ́n da ọ̀dà sí títì. Ìwé àti òǹtẹ̀ ló ń fẹ́.

Orúkọ wo wá ni? Ibẹ̀ lariwo ti sọ. Àwọn kan fẹ́ kí a fi orúkọ ọmọ àdúgbò wa kan sọ ọ́, olówó kan tó ra wáyà iná fún wa. Ènìyàn dáadáa ni, n kò ní kí a má yẹ́ ẹ sí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Bàbá Àgbà ló pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ó ní kí ilé kankan tó débẹ̀, ọ̀pẹ kan ló wà ní oríta. Adẹ́mu kan máa ń gbé akèrègbè rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lálaalẹ́, ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ á dúró, á mu, á gbọ́ ìròyìn ilé kó tó wọlé. "Ká pàdé nídìí ọ̀pẹ" làwọn èèyàn máa ń wí. Ìjì ti gbé ọ̀pẹ náà wó láti ọjọ́ pípẹ́, àwa tí a dé lẹ́yìn kò bá a, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò pe ibẹ̀ ní nǹkan mìíràn rí.

Báyìí làwọn bàbá wa ṣe ń sọ ibi lórúkọ. Ìdí-Ìrókò tó wà lẹ́nu ibodè wa pẹ̀lú Benin, Ìdí-Àràbà ní Èkó, igi ló ni wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ilé tó dé. Bí a bá wá pa irú rẹ̀ rẹ́ nítorí wáyà, a ti ṣe ara wa. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé olówó náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Ó ní ìyá òun ta àkàrà nídìí ọ̀pẹ yẹn kó tó bí òun. Ilé 47 ló wà ní òpópónà wa. Onílé 39 ló fọwọ́ sí i, àwọn tó kù kò sí nílé.

Ní ti lẹ́tà, alága ìjọba ìbílẹ̀ la kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. A so àkọsílẹ̀ ìpàdé mọ́ ọn, àti orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i, àti àwòrán òpópónà tí ọ̀kan nínú wa tó ti ṣiṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ rí fi rúlà yà. Àwọn kan mú rìsíìtì owó ilé tí wọ́n ti san fún káńsù wá, ìyẹn wúlò púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yín ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n lu ìkejì ní òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà fáìlì sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sílé. Owó fọ́ọ̀mù kò dọ́gba láti káńsù kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ béèrè níbi tí wọ́n ti ń gbowó, ẹ san án sí báńkì, ẹ gba rìsíìtì.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo débẹ̀. Ilé káńsù ti kún. Àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka ìlera, wọ́n fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọlé-wọlé méjì nínú aṣọ kakí ń palẹ̀ mọ́ láti jáde lọ sí ọjà. Lára pátákó ìkéde, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó mọ́ ọn, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ wá sọ ọ́. Mo dúró mo ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń sọ pé ìjọba jìnnà sí wa, síbẹ̀ nínú ọgbà kan yìí, wọ́n ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú wa sílẹ̀.

Wọ́n gba lẹ́tà náà pẹ̀lú ọ̀yàyà. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo padà lọ, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. N kò bá a jà. Mo yọ ẹ̀dà tèmi jáde, mo fi òǹtẹ̀ hàn án, mo sì ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Màsénjà àgbàlagbà kan tó wà ní ìdí àpótí ìwé gbọ́ nọ́ńbà yẹn, ó ní, "Màmá, ẹ dúró ná." Ó fa fáìlì kan yọ nísàlẹ̀ òkìtì kan, ó fi ọwọ́ gbá eruku orí rẹ̀, ó tú okùn rẹ̀. Lẹ́tà wa ló wà níbẹ̀, bíírò pupa ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà rẹ̀. Nítorí pé a kọ "títì" sí orí lẹ́tà, wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde pẹ̀lú àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀dà. Ẹ kọ ọ́ gbàgàdà sókè lẹ́tà tiyín pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbé e wá síwájú àwọn kánsẹ́lọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè jókòó gbọ́ ìjókòó wọn, èmi àti Bàbá Àgbà sì lọ. Mẹ́wàá ni wọ́n, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ síwájú. Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri nínú ọjà, wọ́n sọ̀rọ̀ omi odò ẹran fún bíi wákàtí kan, kó tó kàn wá. Kánsẹ́lọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó dìde, ó ka lẹ́tà náà ketekete. Ṣùgbọ́n "Ìdí Ọpẹ́" ló kà! Ó tilẹ̀ fi kún un pé àwọn èèyàn òun ní ìdí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá Àgbà di apá mi mú. Ẹni tó wá wòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo bá ya bébà kékeré kan, mo kọ ọ́ sí i pé: "Ọnárébù, ọ̀pẹ ni o, igi. Kì í ṣe ọpẹ́." Mo fi í rán ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé. Ó kà á, ó yíjú sí wa, ó tẹrí ba fún Bàbá, ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ńbà ilé kò gba àkókò. Òṣìṣẹ́ méjì wá pẹ̀lú tépù àti ọ̀dà pupa. Láti ẹnu ọ̀nà, apá òsì gba 1, 3, 5. Apá ọ̀tún gba 2, 4, 6. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fo ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ẹ bá fò ó, ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá kọ́lé ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá 14A.

Àwa la sanwó pátákó fún wẹ́dà. Káńsù ló fi ibi tí a ó rì í sí hàn wá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ ọ́, lẹ́tà funfun ti gbẹ lórí àwọ̀ ewé: IDI OPE. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe máa ń kọ pátákó. Mo ní tiwa kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Láìsí àmì, ọpẹ́ ni àjèjì yóò máa kà títí ayé, bí kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n bí ní wọ́ọ̀dù wa ṣe kà á. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ, ó fi àmì sórí ÌDÍ, ó tọ́ ọ̀dà sábẹ́ O, ó tọ́ ọ sábẹ́ E. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ibo ni ti orí O yóò dorí kọ. Mo fi ìka fà á nínú afẹ́fẹ́ fún un, láti òkè òsì wá sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Ó dá ọwọ́ dúró díẹ̀, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. ÌDÍ Ọ̀PẸ.

Láti ìpàdé àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí a ri pátákó, oṣù méje ni. Mo ti mú ẹ̀dà ìwé àṣẹ lọ sí ilé iṣẹ́ iná, báńkì àti ilé ìfìwéránṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, orúkọ tuntun wà lórí ìwé owó iná tèmi àti ti Bàbá Àgbà. Ti ìyá ẹlẹ́kọ ṣì ń jẹ́ Lẹ́bàá Títì. Nọ́ńbà 9 ni ilé rẹ̀. Èmi àti òun jọ ń lọ sí ilé iṣẹ́ iná lọ́jọ́ Ajé.