Tíìmù wa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ṣábẹ: bí ẹ ṣe máa kó èèyàn lọ láti Àjàṣẹ́, tí ẹ ó sì kó wọn bọ̀

Bọ́ọ̀lù àwọn Guépards, tíìmù orílẹ̀-èdè Benin wa, kò sẹ́ni tí kò lè wò ó, tẹlifíṣọ̀n wà, fóònù wà. Ti tíìmù kékeré ni kò sẹ́ni tó máa gbé e wá bá ẹ nílé, àfi kí o dìde lọ. Tó bá wá jẹ́ ilé onílé ni wọ́n ti fẹ́ lọ gbá a, tí ọ̀nà sì jìn bíi Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Ṣábẹ (Savè), ẹ̀ẹ́ rí i pé láti ọjọ́ Ajé ni gbogbo èèyàn á ti máa pariwo "mo ń lọ, mo ń lọ", tó bá di ìdájí ọjọ́ Àìkú, èèyàn mẹ́rin lẹ máa bá nídìí ọkọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi iṣẹ́ kíkó èèyàn lé lọ́wọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o, ẹni tó kàn fẹ́ lọ wòran, tiẹ̀ ò le.

Ẹ má tíì wá ọkọ̀. Aago ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ bi akọ̀wé tíìmù pé aago mélòó ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, pápá wo ni, kẹ́ ẹ tún bi í lọ́jọ́ Jímọ̀, kẹ́ ẹ tún wá bi í lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lè bínú o, ẹ má dá a lóhùn. Ní ìsàlẹ̀ líìgì níbí, wọ́n lè yí ọjọ́, wọ́n lè yí pápá, wọ́n lè sún un síwájú ní wákàtí kan, àwa tá à ń tẹ̀lé wọn la máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Pápá tí kò bá ní iná, wọ́n gbọ́dọ̀ parí kílẹ̀ tó ṣú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aago mẹ́rin ni wọ́n sáábà máa ń gbá a. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: aago mẹ́rin, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àsìkò tí wọ́n fi ń gbé ẹni tó fara pa kúrò, ó ti di aago mẹ́fà. Òòrùn ò ní pẹ́ wọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o, òkùnkùn lẹ máa fi rin gbogbo ọ̀nà padà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìrìn àbọ̀ lẹ máa fi yan ọkọ̀ àti awakọ̀, ẹ fi ti àlọ sílẹ̀. Àlọ ò le, ojúmọ́ ni, orin ni, ojú kaluku ń dán.

Ọ̀nà náà nìyí. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, bí 30 kìlómítà, ẹ máa san owó ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní péage ní Ekpè, lẹ́yìn náà Godomey, Calavi, Allada, péage míì tún wà ní Houègbo, ẹ dé Bohicon, ẹ kọjá Ìdáàṣà, ẹ kọjá Glazoué, ẹ wá wọ Ṣábẹ. Láti Kútọnu nìkan ó ju 200 kìlómítà lọ dáadáa. Tí ẹ bá fi dídúró jẹun àti títọ̀ kún un, ẹ ka wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ọkọ̀ ti gbéra, ìyẹn ni pé aago márùn-ún lẹ máa sọ fún wọn.

Awakọ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀nà yìí náà làwọn tírélà ń gbà lọ sí Parakou, títí dé Malanville, ẹlòmíì á sì dákú sójú títì lóru láìsí iná lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀ka igi tútù ni wọ́n máa ń já sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, ewéko kékeré kan, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mélòó kan òmíì, lẹ́yìn ìyẹn tírélà fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ò gbọdọ̀ sùn, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa wo ewé yẹn. Ẹ fi ẹni tó lè sọ̀rọ̀ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ dé.

Ẹ lọ wo ọkọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, lálẹ́ ni mo wí, torí lọ́sàn-án gbogbo ọkọ̀ ló ní iná. Ẹ ní kó tan iná iwájú méjèèjì, kó tẹ bíréèkì kẹ́ ẹ wo iná ẹ̀yìn. Ẹ fọwọ́ yí táyà wò yíká, títí dé inú lọ́hùn-ún tójú ò tó, ẹ ní kó sọ táyà ìpààrọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tún béèrè jáàkì. Tó bá ní "ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà níbẹ̀", ẹ ní ẹ fẹ́ rí i. Epo ńkọ́? Kó ra epo ẹ̀ nílé epo kẹ́ ẹ tó gbéra. Mo mọ̀ pé payò, epo fàyàwọ́ inú ìgò, ló kún ẹ̀gbẹ́ títì wa, mi ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń rà fún alùpùpù ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì payò sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ tí èèyàn méjìdínlógún wà nínú ẹ̀, tí ẹlòmíì ń mu sìgá? Ẹ bọ́ sílẹ̀.

Awakọ̀ tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù jù yín lọ, ẹ má gbà á, nítorí àsìkò tí ẹ bá wà ní pápá ni òun gbọ́dọ̀ sùn. Ẹ bá a wá ibi tútù, ẹ ra oúnjẹ fún un, kí ẹnì kan gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kó má bàa lọ fi ọkọ̀ ṣe káràkátà nínú ìlú. Ọtí sódàbì ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹ̀, bó ti wù kí góòlù pọ̀ tó.

Ó ku owó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di ìjà. Ká ní ọkọ̀ gba èèyàn méjìdínlógún, tí gbogbo owó ọkọ̀, epo àti péage jẹ́ 144 000 sẹ̀fà, ẹni tí kò tíì ṣe é rí á pín in sí ọ̀nà méjìdínlógún, á ní kí kálukú mú 8 000 wá. Ẹ pín in sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 9 600 lórí ẹnì kan, torí èèyàn mẹ́ta ò ní wá, ẹ lè fi ìyẹn búra. Tí gbogbo wọn bá wá, ẹ dá tòkè padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi MoMo, owó orí fóònù, ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ ọjọ́bọ̀, owó tó bá wọlé ni orúkọ, ẹni tó bá ní "ẹ kọ mí sílẹ̀, màá san níwájú ọkọ̀", ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ má kọ ọ́. Bó ṣe bàbá ọ̀gá yín ni o. Ẹ ní ìwé kan, kì í ṣe fóònù nìkan, torí bátìrì á kú: orúkọ, nọ́ńbà, iye tó san, nọ́ńbà ẹnì kan nílé ẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tí kò bá pé ọdún méjìdínlógún, bàbá tàbí ìyá ẹ̀ ni kó pè yín fúnra ẹ̀. Kálukú mú káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ dání, ọlọ́pàá lè dá yín dúró lọ́nà.

Oúnjẹ, ẹ ra àkàsà àti àkàrà gbígbóná kẹ́ ẹ tó kúrò ní Àjàṣẹ́, àkàsà tó wà nínú ewé kì í tètè bàjẹ́, ẹ gbé omi tó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Ṣábẹ lọ́sàn-án, iyán á máa pè yín, ilẹ̀ iṣu nibẹ̀, iyán wọn dáa ju tiwa lọ, mo ti sọ ọ́, kẹ́ni tó bá fẹ́ bínú bínú. Ṣùgbọ́n òkèlè kékeré ni o, ẹni tó bá jẹ ẹ́ yó tán lábẹ́ oòrùn yẹn, kò ní lè kọrin, ó máa sùn ní pápá. Ẹni tó bá fẹ́ ra iṣu padà sílé, ẹ ti fòfin sí i látàárọ̀, iṣu méjì méjì. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa bá àpò iṣu lórí ìjókòó, ẹni tó ni ìjókòó lórí ìdúró. Wàrà, kò sí ìṣòro, àmọ́ kí wọ́n dì í dáadáa, torí òórùn.

Wọ́n á fẹ́ ya fọ́tò àwọn òkè àpáta Ṣábẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé.

Ní pápá, ẹ kọ́kọ́ wá olórí àwọn tó ń tẹ̀lé tíìmù onílé, ẹ kí i, ẹ béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó. Àlejò ni yín. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ìwọ̀ oòrùn ló máa dojú kọ àwọn tó bá jókòó síhà ìlà oòrùn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan ibi tó wù yín, ẹ kọ ẹ̀yìn síwọ̀ oòrùn. Fìlà ò burú. Ohun kan tó yàtọ̀ sí àwọn ìlú míì: tẹ́ ẹ bá lọ Bohicon, ẹ lè fi Yorùbá bú rẹfirí, ọ̀pọ̀ ò ní mọ̀. Ní Ṣábẹ, ọmọdé tó ń ta omi níwájú yín ti gbọ́ ọ délẹ̀, ìyá ẹ̀ náà ti gbọ́. Torí náà ẹ ti yan orin kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ yọ gbogbo èyí tó ní ìyá ẹni nínú. Ẹ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó dáa, ẹ ní ẹsẹ̀ gólì wọn wọ́, ẹ ní agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn ń wá owó tó sọnù. Kò sẹ́ni tó máa sọ òkúta lu ọkọ̀ nítorí ìyẹn.

Tí wọ́n bá ta ọ̀mì, ẹ má dá tíìmù lóró. Póìntì kan nílé onílé, ó tó. Ní 2019, ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe àwọn Guépards wa ní Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀mì mẹ́ta ni wọ́n fi kúrò ní gúrúùpù nínú Ife Áfríkà ní Íjíbítì, wọ́n tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Morocco kí wọ́n tó fi pẹ̀nárítì lé wọn lọ, Senegal ló wá fi góòlù kan ṣoṣo dá wọn dúró ní kọtà fáínà. Ẹni tó bá ní ọ̀mì ò níyì, ẹ ránṣẹ́ sí i.

Fèrè ìkẹyìn bá ti dún, ìṣẹ́jú ogún lẹ máa fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kí àwọn agbábọ́ọ̀lù, kí wọ́n tọ̀, kó tán. Ẹ pè wọ́n lórúkọ nínú ìwé, kí kálukú dáhùn fúnra ẹ̀, ẹ má gba "ó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn". Ẹ dúró ní Bohicon kí awakọ̀ bọ́ sílẹ̀ fọjú, kẹ́ ẹ tún pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ibẹ̀ gan-an lẹnì kan á ti ní òun fẹ́ ra ẹran díndín. Ó lè tó ọ̀gànjọ́ kẹ́ ẹ tó dé Àjàṣẹ́, zẹ́mì, àwọn ọlọ́kadà, ò pọ̀ nígbà yẹn, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ máa kọ́kọ́ já sílé, ẹ ti bá awakọ̀ sọ ọ́ mọ́ owó ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó má di pé ó ní ibùdókọ̀ lòun máa já gbogbo yín sí. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, ẹ fi sí WhatsApp kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé.