Ẹ má fi owó àjọ sílẹ̀ lásán

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá kó àjọ tí ẹ ò sì tíì mọ nǹkan tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ fi ra FGN Savings Bond, ẹ má fi í sínú àkáǹtì tí ẹ fi ń ra ata ní Bódìjà. Ìjọba àpapọ̀ ni ẹ yá lówó yẹn. ₦5,000 ti tó bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé ń wọ àkáǹtì yín, tí ọdún 2 tàbí 3 bá sì pé, ojú owó á padà wálé. Èlé yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń bá èèyàn gbé díẹ̀ nínú owó ilé-ìwé ọmọ. Oṣooṣù ni wọ́n ń tà á, ọjọ́ díẹ̀ péré sì ni, ẹ tètè ṣọ́ ọ. Orúkọ àwọn tó láṣẹ láti tà á wà lórí ìkànnì DMO, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó sí àkáǹtì òun fúnra òun, ẹ má dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ yín. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí à ń kó owó pàjáwìrì sí o: bí ẹ bá tà á kó tó pé, iye tí ẹ máa rí lè dín sí iye tí ẹ fi rà á.